Ìrírí mi: Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí Àgbádárìgì kí n tó wọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́

₦15,000 ni afinimọ̀nà kan gbà lọ́wọ́ mi ní Àgbádárìgì, n kò sì fojú kan ohun tó gbé mi kúrò nílé. Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ náà, inú á tún máa bí mi.

Ibi tí igi Àgíà wà tẹ́lẹ̀ àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni mo fẹ́ rí. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ fún mi pé abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti wàásù ìyìn rere lọ́dún 1842. Ohun tí mo sọ fún ọmọkùnrin náà ní gáréèjì nìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú owó yẹn." Mo sanwó lójú ẹsẹ̀.

Ló bá ní ká dúró de àwọn àlejò kan tó ń bọ̀ láti Èkó. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Aago kan lù, orí bẹ́ǹṣì la ṣì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń ta omi inú ọ̀rá. Mo bi í, ó ní wọ́n ti dé tòsí. Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fẹ́ wọ̀ sọdá ọ̀sà, kí wọ́n lọ wo ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà. Ìtàn ńlá nìyẹn, mi ò kóyán rẹ̀ kéré, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo tìtorí ẹ̀ wá. Owó ọkọ̀ tún yàtọ̀, ₦4,000. Mo ní kó dá owó mi padà kí n máa dá lọ, ó fàáké kọ́rí, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la máa fi kádìí ẹ̀. Ìgbà tá a fi padà dé, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ó wá ní kí n padà wá lọ́jọ́ mìíràn, òun á dín owó fún mi. Lórí ohun tí mo ti sanwó rẹ̀!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tún gbéra. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn ní gáréèjì. Ọ̀kadà ló gbé mi dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni mo ti sanwó, kò sì tó wákàtí kan tí mo fi rí gbogbo rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) ló kọ́ ilé náà. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845. Mo rọra gun àtẹ̀gùn onígi rẹ̀, pákó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì ń rò ó pé Ajayi Crowther ti gbé nínú ilé yìí. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ títú Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò purọ́.

Igi Àgíà ti wó láti 1959, ọwọ̀n ìrántí ló kù níbẹ̀. Ìyá mi wo fọ́tò rẹ̀ títí, ó ní, "Igi náà ńkọ́?"

Abẹ́òkúta tí mo tún lọ lẹ́yìn náà kò fún mi ní wàhálà kankan. Mo ti tẹ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì láago ṣáájú, mo sì lọ jọ́sìn lọ́jọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's, Aké. Ìlú yìí náà ni Crowther ti tún rí ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti kó o lẹ́rú.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó má sanwó fún ẹnikẹ́ni ní gáréèjì, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó. Ẹ má lọ ní Sátidé, ìgbéyàwó àti ìsìnkú kì í jẹ́ kéèyàn ráyè wo inú ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹ sì mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀.

Ìbàdàn ló kàn, ní Kúdẹ̀tì, níbi tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853. Mo ti pe àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ní kí n wá ní ọjọ́ Tusidé, aago mẹ́wàá.