Bí Ọ̀dọ́ Ilẹ̀ Ọ̀kun Ṣe Lè Fi Iṣẹ́ Ọnà Gbógun Ti Ìdọ̀tí Ike

Nílẹ̀ Ọ̀kun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà, bí ọjà bá ti tú nírọ̀lẹ́, ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Ewé á jẹrà. Páálí, ẹnì kan á kó o lọ dáná. Ọ̀rá omi tí gbogbo wa ń pè ní píọ̀ wọ́tà ni kò ní jẹrà, tí kò sì sẹ́ni tó ń wá a. Bí òjò bá rọ̀, inú gọ́tà ló ń wọ́ sí, omi á dúró, ẹ̀fọn á sì rí ibi yé ẹyin. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, afẹ́fẹ́ á gbé e wọ oko. Ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ mọ́ èèpo iṣu, kò sì ní lè dà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ bá ìlú yín sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí ni mo kọ èyí fún: akẹ́kọ̀ọ́, àgùnbánirọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ẹni tó mọ àwòrán yà àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá. Kò gba owó púpọ̀. Sùúrù ló gbà, ó sì gba pé kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá kẹ́ ẹ tó mú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ kó o, kẹ́ ẹ sì kà á

Ẹ mú ojú kan péré: ìkóríta kan, ẹ̀gbẹ́ ọjà kan, tàbí pápá tí wọ́n ti máa ń ṣe ayẹyẹ. Ẹ má sọ pé gbogbo ìlú lẹ fẹ́ gbá. Ẹ lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọjà, kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, ìgò tó fọ́, tàbí ohunkóhun tó bá jọ pàǹtírí ilé ìwòsàn. Ẹ ya ohun tẹ́ ẹ bá ṣà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀rá omi, ìgò ike pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ọjà, abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka òkìtì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ibẹ̀.

Ẹ má fo kíkà yìí o. Òun ni yóò sọ ohun tí iṣẹ́ yín máa dá lé lórí. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí à ń rí lórí fóònù nípa ike jẹ́ ti ẹja àbùùbùtán àti ti ìjàpá òkun. Òótọ́ ni, ike ń pa wọ́n, omi tó sì ń ti ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ ṣàn bọ́ sínú odò Ọya ní Lọ́kọ́ja, òkun náà ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta gàrí ní Ìyàrà kò rí ẹja àbùùbùtán rí. Ewúrẹ́ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ló mọ̀. Ewúrẹ́ ni kẹ́ ẹ yà. Ẹ ya gọ́tà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ẹ ya ebè iṣu tí ọ̀rá yọ orí lára rẹ̀.

Ẹ wá ẹyọ ohun kan tẹ́ ẹ fẹ́ kí ẹnì kan ṣe

Níbí ni iṣẹ́ ti ń dúró tàbí kó ṣubú. “Ẹ jẹ́ kí àyíká wa mọ́” kò ní olúwa. Kò sẹ́ni tó gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí. Iṣẹ́ ọnà tí kò bá tọ́ka sí ohun tí ẹni kan pàtó lè ṣe lọ́la, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ará ìlú á wò ó, wọ́n á ya fọ́tò nídìí rẹ̀, wọ́n á sì ju ọ̀rá sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí kò jìnnà sí wa. Gbogbo wa la mọ bí ilẹ̀ Ọ̀kun ṣe máa ń rí nínú oṣù Kejìlá. Àwọn ọmọ wa ní Àbújá, Èkó àti Ìlọrin á wálé. Ìgbéyàwó níhìn-ín, ìsìnkú lọ́hùn-ún, ọjọ́ ìlú, ìwúyè. Àpò píọ̀ wọ́tà kan, ogún ló wà nínú rẹ̀. Bí àlejò 300 bá wá síbi ìsìnkú kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mu mẹ́ta, ọ̀rá 900 nìyẹn, àpò 45, láti ojú ayẹyẹ kan ṣoṣo. Àwọn tó lè yí i padà kò sì pọ̀: ìdílé tó ń ṣe ayẹyẹ, alásè, àti àwọn ọmọ tó ń pín omi. Ohun tẹ́ ẹ lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n gbé kúlà ńlá àti ife tó ṣeé fọ̀ sórí tábìlì. Bí píọ̀ wọ́tà bá sì di dandan, kí wọ́n so àpò ìrẹsì òfìfo mọ́ òpó àtíbàbà kọ̀ọ̀kan, kí àlejò rí ibi jù ú sí.

Ẹ rí i pé mo fi ife ṣáájú àpò. Àjọ OECD, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè fún ọ̀rọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè, sọ ní 2022 pé nínú gbogbo pàǹtírí ike tí ayé ń dà nù, ìdá mẹ́sàn-án péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń tún sọ di ohun èlò. Kíkó o jọ dára, ṣùgbọ́n kí ó má tilẹ̀ jáde ló dára jù.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ẹ má fi iṣẹ́ yín bú ẹni tó ń mu píọ̀ wọ́tà tàbí ẹni tó ń tà á. Ilé púpọ̀ wà lọ́dọ̀ wa tí omi ẹ̀rọ kò dé, tí kànga wọn sì máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Òun ni wọ́n ń mu. Ọmọdébìnrin tó gbé e rù káàkiri ibùdókọ̀ ń wá owó ilé ìwé. Bí ẹ bá dójú tì í, ìyá rẹ̀ kò ní gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ yín mọ́, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tẹ́ ẹ ń wá.

Ẹ lọ gba àṣẹ

Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà, lẹ́yìn náà sọ́dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀, kẹ́ ẹ tó kan ìṣó kan mọ́ ibikíbi. “Ọ̀kun o, màmá,” pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìwé tẹ́ ẹ fi ka ìdọ̀tí hàn wọ́n. Àgbà tó bá rí iye tí a kọ sílẹ̀ nípa ọjà rẹ̀ kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ má sì gbìyànjú àtifi ike rán ẹ̀wù eégún, bó ti wù kó wù yín tó. Eégún ní àwọn tó ni ín, ìjà tó máa dá sílẹ̀ á sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ yín lẹ́nu yín.

Aṣọ tí a fi ọ̀rá omi hun

Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ lè ṣe, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ilé wa ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá. Àwọn obìnrin Bùnú ìgbà kan máa ń tú òwú pupa láti ara aṣọ tó ti òkè òkun wá, wọ́n á sì fi hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń yẹ́ olóyè sí nígbà ìsìnkú. Aṣọ yẹn ní àyè tirẹ̀, ẹ má ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú: ohun tó ti ibòmíràn wá, ẹ tú u, ẹ fi hun tiyín. Ògìdì ní Ìjùmú náà ni wọ́n ti bí Olóyè Nike Davies-Okundaye ní 1951, tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní kékeré láàárín àwọn ará ilé rẹ̀, tó sì wá dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983. Ní Lamu, ní Kẹ́ńyà, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ṣe irú ohun kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ baba wọn. Wọ́n fi ike tí wọ́n ṣà létí òkun kan ọkọ̀ tó ń jẹ́ Flipflopi, wọ́n fi sálúbàtà àlòkù bí 30,000 bò ó lára, wọ́n sì gbé e dé Zanzibar ní 2019.

Ó yá. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ọ̀rá náà, ẹ ṣàn án, ẹ sá a síbòji títí inú rẹ̀ á fi gbẹ pátápátá. Bí omi bá kù nínú rẹ̀, á bu, á sì máa rùn. Ẹ tẹ́ ẹyọ kan sórí pákó. Ẹ gé ojú ìlẹ̀pọ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ kúrò, pẹ̀lú igun tí wọ́n fi eyín já. Ohun tó kù á dà bí apá ẹ̀wù, tó là sókè, tó là sísàlẹ̀. Ní ìbú ni kẹ́ ẹ wá gé e, ìka méjì méjì. Bí ẹ bá gé e lóòró, ó ti bàjẹ́. Gígé kọ̀ọ̀kan á di òrùka. Ẹ ti òrùka kan bọ inú èkejì, ẹ mú etí rẹ̀ kan gba inú ara rẹ̀ jáde, ẹ wá fà á díẹ̀díẹ̀ títí kókó á fi pa mọ́. Bí ẹ bá já a lójijì, á ya níbi ojú ìlẹ̀pọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ máa so ó bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ máa ká a sára igi kékeré.

Ọ̀rá máa ń fà. Nítorí náà, okùn òwú gidi ni kẹ́ ẹ ta lóòró, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀rá máa gba ìbú kọjá. Òfì ìdúró tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá ló yẹ ẹ́ jù, nítorí pé ó fẹ̀. Ẹ wá ìyá kan tó ṣì ń hun, kẹ́ ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Àkókò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ ìlú ni. Bí kò bá sí òfì, ẹ kan pákó mẹ́rin pọ̀, ẹ to ìṣó sókè àti sísàlẹ̀, ẹ ta okùn láàárín wọn. Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi igi pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó fún. Aṣọ náà á funfun, á sì ní àwọ̀ búlúù wínníwínní láti ara ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá. Orúkọ ilé iṣẹ́ olómi kò ní hàn mọ́, ìyẹn sì dára. Kì í ṣe ẹnì kan là ń bá jà.

Ẹ fi ọ̀rá dúdú gé lẹ́tà, kẹ́ ẹ rán an mọ́ ọn. Kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lè kà á. Iye tẹ́ ẹ kà àti ohun tẹ́ ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún nìkan ni kẹ́ ẹ kọ: “Ọ̀rá 900 níbi ayẹyẹ kan. Ẹ fi ife bu omi.” Ẹ fi iye tiyín gan-an sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ ìdérí ìgò dípò ọ̀rá, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán sórí plywood, ẹ ṣa ìdérí ní àwọ̀ àwọ̀, ẹ gbá ìṣó kan sáàárín ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè bá yín ṣe èyí. Ẹ má fi iná yọ́ ike fún iṣẹ́ kankan. Èéfín rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ti àwọn ọmọdé tó máa pé lé yín lórí pàápàá.

Ẹ gbé e lọ sójú ọjà

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ni Ọjọ́ Àyíká Àgbáyé, láti 1973 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó yẹ bí gọ́tà bá ni ọ̀rọ̀ yín, nítorí òjò ti wà nílẹ̀. Bí ayẹyẹ bá ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hun un nínú oṣù Kẹsàn-án, kẹ́ ẹ sì gbé e jáde ní ìparí oṣù Kẹwàá, kí àwọn ìdílé tó lọ sanwó omi.

Ẹ so ó sí ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà wọ ọjà. Ẹ má fi aṣọ sílẹ̀ lóun nìkan. Kí ọ̀dọ́ méjì dúró tì í látàárọ̀, kí wọ́n máa kí èèyàn, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì ní ìwé kan tí ẹni tó bá gbà láti fi ife bu omi níbi ayẹyẹ ilé rẹ̀ á kọ orúkọ sí. Eré kékeré náà lè wà, tàbí orin. Èdè ilé ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́: Yàgbà ní ilẹ̀ Yàgbà, Owé ní Kàbà. Yorùbá inú ìwé á yé wọn, ṣùgbọ́n èyí tí ìyá àgbà fi ń bá ọmọ wí nílé ló ń wọ inú èèyàn. Kí eré náà má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ọlọ́jà ń wá owó.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Iṣẹ́ yín kò gbọdọ̀ di ìdọ̀tí tuntun. Ẹ ká aṣọ náà kúrò kí òjò àti oòrùn tó gé e sí wẹ́wẹ́. Ìgò ike tó ṣẹ́ kù, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù. Ọ̀rá tó ṣẹ́ kù, ẹ fi hun àpò ọjà fún àwọn tó kọ orúkọ sínú ìwé yín, ìdílé kan, àpò kan. Nínú oṣù Kọkànlá, ẹ gbé àpò náà lọ fún wọn nílé, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí ife yá. Bí wọn kò bá rí, ẹ bá wọn wá a. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì sábà máa ń ní ife àti kúlà tí wọ́n ń yá èèyàn.

Nínú oṣù Kìíní, bí àwọn àlejò bá ti padà, ẹ lọ sí ojú kan náà tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ kà á, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọjà, kẹ́ ẹ tún un kà. Ẹ rán iye tuntun náà sábẹ́ ti àkọ́kọ́ lára aṣọ kan náà, ì báà dín, ì báà lé sí i, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ fún ìyálọ́jà wò.