Bẹ́ ẹ ṣe lè máa ṣọ́ pròjẹ́ẹ̀tì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà, kó má baà parí sórí bébà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí M&E (ìyẹn ṣíṣọ́ pròjẹ́ẹ̀tì àti wíwọn ohun tó ṣe) n'Íléṣà níbí, ẹ gbọ́ o. Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn pé kí ni pròjẹ́ẹ̀tì yín ṣe, iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà àti iye èèyàn tó wá sí wọ́kúṣọ́ọ̀bù ló máa kọ́kọ́ kà fún yín. Owó tó jáde nìyẹn, kò tíì sọ bóyá ọmọ NCE, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, mọ ìwé kọ́ ọmọdé.

Ká ní pròjẹ́ẹ̀tì yín dá lórí kíkọ́ ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì àwọn tó wà lẹ́nu TP (ìdánrawò iṣẹ́ tíṣà) báyìí, kẹ́ ẹ má mú iléèwé inú Iléṣà nìkan, ẹ dé Òṣú, ẹ dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ọmọ mélòó ló la ẹnu, mélòó ló fọwọ́ kan ìwé, ṣé ara bọ́ọ̀dù ni tíṣà kọjú sí látìbẹ̀rẹ̀ dópin? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, fọ́ọ̀mù yẹn gan-an náà lẹ máa lò tí pròjẹ́ẹ̀tì bá parí, ẹ má pààrọ̀ ìbéèrè rárá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀ síbi méjì mẹ́ta, torí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa n'Íléṣà ti di yunifásítì báyìí, ọ́fíìsì a sì máa ṣí kiri.

Ọjọ́ tí sùpáfáísọ̀ bá ń bọ̀, ẹ má fi ìyẹn díwọ̀n nǹkan kan. Ìròyìn á ti ṣáájú ọkọ̀ ẹ̀ dé, wọ́n á ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ lọ lọ́jọ́ tẹ́nikẹ́ni ò retí yín, lẹ́yìn bréèkì, kẹ́ ẹ ní kí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá mú ìwé ẹ̀ wá. Tí déètì bá fo ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n sì máàkì àṣìkọ bí "apu" sí rere fún un, ìwé yẹn ti sọ̀rọ̀ ju ripọ́ọ̀tù ojú ewé ogójì lọ.

Tíṣà tó ni kíláàsì náà ńkọ́? Ó mọ gbogbo ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé bí ọlọ́pàá kò ní sọ. Ẹ kí i dáadáa, "ẹ kú iṣẹ́ mà, a ò wá yẹ yín wò o", kẹ́ ẹ tó mú bírò jáde.

Lísìtì àwọn tó wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ wò ó fínnífínní: tó bá jẹ́ bírò kan náà, ọwọ́ kan náà látòkè délẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́.

NCCE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà, tó ti wà láti 1989, ní àyẹ̀wò tiwọn, bóyá iléèwé kún ojú òṣùwọ̀n ni wọ́n ń wò, ẹ má da fọ́ọ̀mù wọn kọ. NCE sì jẹ́ ọdún mẹ́ta, nítorí náà ripọ́ọ̀tù oṣù mẹ́fà ò lè sọ púpọ̀. Kí àwọn ọmọ NCE náà tó jáde, ẹ gba nọ́ńbà WhatsApp wọn, tó bá di ọdún kejì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ẹ tún lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì wọn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yẹn.