Rélùwéè ìṣeré tí bàbá fi sílẹ̀: bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Kí ẹ tó pe àwọn tó ń ti báárò kiri ra irin kọ́ńdẹ́mù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sinmi ná. Òótọ́ ni, ojú irin ò dé Ìkòròdú níbí, ọkọ̀ ojú omi Ìpakodò la mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta wà, àwọn tó lọ kàwé ní London náà wà, àwọn kan nínú wọn sì kó rélùwéè ìṣeré wálé, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọmọ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bàbá ti wá lọ báyìí, páálí ti kún ilẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni èwo.

Ẹ má tíì fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ o. Lẹ́tà wínníwínní tó wà lára ẹ̀ lẹ máa fi dá a mọ̀, ó sì lè bá ìdọ̀tí lọ. Tàránsífọ́mà tó bá a wá ńkọ́, ẹ má kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì rárá. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, fólítì 110 sí 120 ni wọ́n ṣe é fún, tiwa ń lọ bíi 220 sí 240, èéfín lẹ máa rí. Èyí tó wá láti London, tí iná ẹ̀ bá tiwa mu, rọ́bà ara wáyà ẹ̀ ti lè gbó kó máa já wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́tíríṣíànì wò ó ná.

Ó yá, ẹ mú rúlà tó ní mìlímítà. Láti inú irin kan sí inú irin kejì lẹ máa wọ̀n, ìwọ̀n yẹn ló ń ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn tó kù. Tó bá jẹ́ 16.5, OO tàbí HO ni (orúkọ ìwọ̀n rélùwéè ìṣeré ni àwọn lẹ́tà yìí), òun sì lẹ máa rí jù. 9 ni N, 32 ni O, 45 ni G tó tóbi gan-an, 6.5 ni Z tí Märklin, ilé iṣẹ́ Jámánì kan, gbé jáde ní 1972, èyí tó kéré débi pé aáyán lè wọ́ ọ lọ. Tí ojú irin ò bá sí mọ́, ẹ wọn àárín wíìlì méjèèjì lábẹ́, á dín díẹ̀ sí iye tí mo kà yìí.

12 mìlímítà ló máa ń da èèyàn láàmú. Ó lè jẹ́ TT, Tri-ang, ilé iṣẹ́ ìlú ọba kan, ṣe é lọ́dún 1957. Ṣùgbọ́n tí bàbá yín bá jẹ́ ẹni tó mọ nǹkan fọwọ́ ṣe, ẹ ronú síbòmíì: ojú irin àtijọ́ tiwa ní Nàìjíríà, 1067 mìlímítà ni fífẹ̀ ẹ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà 87 bíi ti HO, ẹ máa rí i pé ó kù bíi 12. Ẹ́ńjìnnì Nàìjíríà tó fọwọ́ ara ẹ̀ kàn lè wà nínú páálí yẹn, ìyẹn ò sì ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lábẹ́, ẹ má wá sọ pé kò níye lórí torí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 16.5, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. OO àti HO ń rìn lórí irin kan náà ṣùgbọ́n ara wọn ò tóbi bákan náà. HO, wọ́n fi 87 pín ọkọ̀ gidi, OO, 76 ni. Ọkọ̀ ojú irin àwọn òyìnbó ìlú ọba kéré sí ti àwọn yòókù, mọ́tò ìgbà yẹn ò rí àyè wọ inú ẹ̀, ni wọ́n bá sọ ara ọkọ̀ di ńlá, wọ́n fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Nítorí náà ẹ wo lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: LMS, LNER, GWR, SR tàbí British Railways, orúkọ ilé iṣẹ́ rélùwéè ìlú ọba nìyẹn, ó fẹ́ẹ̀ dájú pé OO ni. DB ti Jámánì, SNCF ti Faransé, Union Pacific ti Amẹ́ríkà, HO ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì, ti ọkọ̀ gidi ni o, kì í ṣe ọdún ìṣeré yẹn. Ẹ lè rí 4472, Flying Scotsman nìyẹn, 1923 ni wọ́n kọ́ ojúlówó ẹ̀ ní Doncaster, kí ẹ yí tiyín dojú dé kí ẹ rí Made in China, kò tíì ju bíi ọgbọ̀n ọdún lọ.

Tí irin kẹta bá wà láàárín, ẹ fara balẹ̀. Tó bá fẹ̀ tó 32, ó lè jẹ́ Lionel ti Amẹ́ríkà. Tó bá jẹ́ 16.5 tí lẹ́tà ẹ̀ sì jẹ́ ti ìlú ọba, ó lè jẹ́ Hornby Dublo ti ìlú ọba, 1938 ló jáde, wọn ò ṣe onírin méjì títí di 1959. Märklin ti Jámánì ní tiẹ̀, orí ìṣó kéékèèké àárín irin ló ń gba iná, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ gígùn kan lábẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń fi fá a.

Páálí náà ń sọ̀rọ̀. Meccano Ltd, Liverpool, ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń ṣe Hornby, ìyẹn ti pẹ́. Tri-ang Hornby jẹ́ láti 1965, Hornby Railways láti 1972, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R lẹ máa fi wá a lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ohun tó wà nínú páálí bá àkọlé ẹ̀ mu, torí àwọn bàbá máa ń kó èyí sínú tìyẹn.

Ẹ tún gbé òòfà sún mọ́ ọn. Tó bá gbá a mú gbogbo ara tí kọ́kọ́rọ́ sì wà láti fi wáyìn ẹ̀, páànù ayé àtijọ́ ni, Hornby ti ń ṣe irú ẹ̀ láti 1920. Tó bá wúwo àmọ́ tí òòfà ò mú un, ó lè jẹ́ síǹkì. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá ibi tó ti là tàbí tó wú. Òjé tó dà pọ̀ mọ́ síǹkì ló máa ń fà á, ooru àti ọ̀rinrin bíi ti Ìkòròdú wa yìí sì ń mú un yára, kò sí àtúnṣe, ẹ má gbé e lọ́wọ́ kan. Kì í ran àwọn tó kù o, bí àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ó ń ràn.

Àwọn onírin méjì tó jẹ́ OO tàbí HO, ẹ lè fi bátìrì fólítì 9 gbìyànjú ẹ̀, wáyà kan sí wíìlì ọ̀tún, ọ̀kan sí tòsì, ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Tí kò bá yí, ọ́ìlì inú ẹ̀ lè ti dì, ẹ má fipá yí i.

Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, iwájú, ẹ̀gbẹ́, abẹ́, ìkọ́ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ra, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan. Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye ẹ̀, iye tí àwọn míì ti rà á gan-an lẹ máa wò, ẹ fi èyí tí ẹni tó ń tà ń pè sílẹ̀. Kí ìwé yẹn sì ti wà nílẹ̀ kí ẹbí tó jókòó pín ogún, torí tí ẹ̀gbọ́n bá mú ẹ́ńjìnnì, tí àbúrò mú kóòṣì, tí àǹtí gbé páálí òfìfo lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ ti sọ sẹ́ẹ̀tì kan di pàǹtírí mẹ́ta.