Ẹ Yẹ Ìyá àti Bàbá Wò Kí Ẹ Tó Ta Ọmọ Ẹja

Iṣẹ́ ọmọ ẹja ni mò ń ṣe l'Ábẹ́òkúta. Oríṣi ẹja àrọ̀ méjì ni mò ń lò: Clarias ni ìyá, Hetero (Heterobranchus) ni bàbá, haibíríìdì, ìyẹn àdàlù àwọn méjèèjì, lọmọ tí wọ́n ń wá rà lọ́wọ́ mi. Oníbàárà á ní, "Màmá, haibíríìdì kì í ṣàìsàn, àbí?" Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Òótọ́ ni pé ó máa ń yára tóbi, àmọ́ kò sí ẹja tí kòkòrò ò lè fòmọ́. Ní Yúróòpù, ẹja tí roach àti bream, oríṣi ẹja odò méjì, jọ bí lè kó kòkòrò tó jẹ́ ti ìyá, kó tún kó ti bàbá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹja tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fọwọ́ tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí lọ sí ìrù. Ti Clarias, lẹbẹ gígùn kan ló máa bá ọwọ́ yín dé ìdí ìrù. Ti Hetero, lẹbẹ yẹn á dúró lọ́nà, ọwọ́ yín á wá kan òmíràn tó nípọn, tó rọ̀. Haibíríìdì náà ní ìkejì yẹn, àmọ́ ó sábà máa ń kéré.

Bàbá tí ẹ bá rà lọ́wọ́ apẹja Odò Ògùn, ẹ má dà á mọ́ àwọn ìyá lọ́jọ́ náà. Ẹ fún un ní tánkì tirẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, àwọ̀n tirẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 3. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀. Ara ẹja náà ń dán, mo sì gbé e sáàárín àwọn ìyá mi 9. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ara wọn fi kún fún tóótòòtó funfun, bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ wọ́n wọn. 4 kú. Abẹ́ awọ ni kòkòrò tó fa tóótòòtó yẹn ń gbé, oògùn ò lè kàn án níbẹ̀. Ìgbà tó bá já bọ́ sísàlẹ̀ tánkì, tó pín ara rẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja mìíràn kiri, ìgbà yẹn loògùn tó lè pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan ò fi tó, tí a sì gbọ́dọ̀ máa fọ ìsàlẹ̀ tánkì lójoojúmọ́.

Eṣúṣú hàn sójú. Ẹ wo abẹ́ àyà, abẹ́ lẹbẹ, ìdí irùngbọ̀n. Ẹ po iyọ̀ kílò 3 sínú omi lítà 100, kẹ́ ẹ gbé ẹja ńlá náà sí i. Ẹ dúró tì í o! Bó bá ti fẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ gbé e jáde, ì báà má tíì pé ìṣẹ́jú 5.

Ibi tí mo ti ń rí ẹ̀kọ́ jù nìyí. A lè fọwọ́ tẹ ẹyin jáde lára abo, àmọ́ akọ, pípa là ń pa á ká tó rí àtọ̀ rẹ̀ yọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á yọ àtọ̀ tán, ó di inú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹja náà sórí àwo funfun, ẹ fi sísọ́ọ̀sì la ibi tí oúnjẹ ń kọ́kọ́ bọ́ sí nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi omi ṣàn án sínú abọ́. Aràn pupa tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ lè máa yí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹja tó ń mu ló jẹ́ kó pọ́n. Ẹ tú ìfun dé ìdí. Bó bá jẹ́ Clarias lẹ pa, ẹ la òróòro náà wò, torí aràn pẹlẹbẹ funfun kan wà tó fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ ka gbogbo ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù 2, ẹ mú 5 nínú ọmọ rẹ̀, ẹ là wọ́n bákan náà. Bàbá kan wà tí mo ka aràn 17 nínú rẹ̀, n kò rí ẹyọ kan nínú àwọn ọmọ. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ wọn le ju ti bàbá wọn lọ. Aràn ìfun yìí kì í bá ẹyin lọ. Inú kòkòrò omi kéékèèké tí ẹja ń jẹ ló ń gbà wọlé, oúnjẹ gbígbẹ sì ni tèmi ń jẹ. Oníbàárà tó kó àbúrò wọn lọ sí kòtò tí ìṣáwùrú kún, tí ẹyẹ apẹja ń bà sí, ó rí oríṣiríṣi aràn nínú tiẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣa ìṣáwùrú, ẹ jẹ́ kí kòtò gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó tún un kún, ẹ ta àwọ̀n bò ó.

Kòkòrò ti ara àti ti ibi tí ẹja fi ń mí yàtọ̀ sí aràn ìfun. Ìyẹn ń ti ara ìyá bọ́ sómi, ó ń mọ́ ọmọ lára. Bí ẹyin bá ti jáde tán, kí ìyá kúrò nítòsí, kí omi rẹ̀ má sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí ọmọ bá ń fara ha ògiri tánkì, ẹ má gbé òkú ẹja lọ bá dókítà ẹran, torí kò pẹ́ tí ẹja bá kú tí kòkòrò ara rẹ̀ fi ń sá lọ. Ẹ kó 5 tó ń ṣàìsàn tó ṣì ń mí sínú ọ̀rá pẹ̀lú omi tánkì yẹn gan-an, kẹ́ ẹ sì tètè lọ kí oòrùn tó mú.