Ọjọ́ tá a lò kẹ́yìn ní Adó-Èkìtì, àti "owó ìdúró" tí dírẹ́bà gbà lọ́wọ́ wa

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún mọ́tò lọ́jọ́ tá a lò kẹ́yìn ní Adó, ìlọ́po méjì ẹ̀ ló jáde lápò mi, kì í sì í ṣe pé ọ̀nà jìn tàbí epo wọ́n o, dírẹ́bà kan ló jókòó tì wá tó ní òun ò ní gbéra.

Ìgbéyàwó ló gbé èmi àti àbúrò mi obìnrin wá láti Èkó. Nígbà tí ariwo parí, ọjọ́ kan ṣẹ́ kù, mo ní a ò ní fi sùn. Àárọ̀ la ti lọ sí párkì Fájuyì, ìyẹn Adékúnlé Fájuyì ọmọ Adó gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n pa pẹ̀lú Ironsi, olórí ìjọba ológun tó wá ṣe àlejò ẹ̀, n'Ìbàdàn ní July 1966, tí gbogbo ayé ń sọ pé kò fi àlejò ẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ò gbà wá lákòókò. A gba gáréèjì lọ, a háyà mọ́tò, ó di Ìkógòsì, níbi omi gbígbóná àti omi tútù. Ìyìn, Ìgèdè, Àràmọ̀kọ, Erínjìyàn, a dé.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, omi yẹn tó nǹkan tí èèyàn ń rìn wá wò. Gbígbóná ń ṣàn lọ́tọ̀, tútù ń ṣàn lọ́tọ̀, wọ́n wá pàdé, ẹ máa ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ èyí tó gbóná, ẹ ki tòsì bọ èyí tó tutù, ẹ máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ kedere. Ní orísun, èyí tó gbóná ń lọ sí bí 38°C. Wọ́n ní ìyàwó ọdẹ kan ni omi méjèèjì, orogún ni wọ́n, ìyáálé àti ìyàwó, ọ̀kan gbóná lára, ọ̀kan ní sùúrù. Àbúrò mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Inú mi dùn pé èmi ni mo mú un wá.

A jáde, dírẹ́bà ti yọ kọ́kọ́rọ́, ó ti fi sápò àyà, ẹsẹ̀ kan nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, lílọ bíbọ̀ la jọ sọ, a ò sọ ti ìdúró o." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń háyà mọ́tò wá síbí tí ò ní sọ̀kalẹ̀?" Ní gáréèjì ni mo ti bi í bóyá owó yẹn kárí gbogbo ẹ̀, ó ní ó kárí, etí àbúrò mi ló ṣe. Ó yarí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo tún bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò ní ṣíná mọ́tò.

Káàṣì ọwọ́ wa ti lọ sí owó ìwọlé àti oúnjẹ, mo bá ní kó mú nọ́ńbà ákáǹtì wá. Mo fi ránṣẹ́, báńkì yọ owó lọ́wọ́ mi, àlẹ́ẹ̀tì wọlé gbàrà, òun ní òun ò rí nǹkan kan. Mo fi fóònù hàn án, ó ní ìyẹn ò kan òun. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń wá, ó ń lọ, mo ń rìn sókè sódò lójú ọ̀nà, mo na fóònù sókè, oòrùn ń wọ̀. Ìyá kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì ló ṣàánú wa, ó ní kí n fi owó sí ákáǹtì tiẹ̀, tiẹ̀ sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó ka káàṣì fún mi, mo kó o fún dírẹ́bà. Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ìyá yẹn. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn, omi Àrìntà tó ń já látorí òkè n'Ìpólé-Ìlórò, tí ò jìnnà sí Ìkógòsì rárá, a ò lè dé ibẹ̀ mọ́. Lálẹ́, báńkì mi ní owó àkọ́kọ́ ti wọlé fún un. Mo pè é, kò gbé e títí dòní.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ háyà mọ́tò, iye wákàtí tẹ́ ẹ máa lò níbẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ sọ, lójú àwọn ará gáréèjì, kẹ́ ẹ sì tọ́jú káàṣì sí ibi tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn. Tó bá jẹ́ ọ̀nà Iléṣà lẹ máa gbà padà, ẹ kó ẹrù yín dání, ẹ yà sí Ìkógòsì láti Àràmọ̀kọ, kò sí ìdí tẹ́ ẹ fi ń padà s'Adó.

Àwa gba Àkúrẹ́, a bá sọ̀kalẹ̀ n'Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òkè Ọlọ́sùnta ń bẹ níbẹ̀ gbàgàdà, àpáta ràbàtà, ẹ ò nílò dírẹ́bà kankan kẹ́ ẹ tó rí i. Ìlú yìí náà ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, ti gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn tó wà ní British Museum báyìí, mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó ní kí ló dé tí wọn ò kọ́ àwọn nípa ẹ̀ nílé ìwé. A jẹ iyán níbẹ̀, a wọ mọ́tò Àkúrẹ́, iye tí wọ́n pè náà ni wọ́n gbà.