Bí A Ṣe Ń Fọ PFAS Kúrò Nínú Ọkọ̀ Panápaná, àti Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Aṣọ Iṣẹ́

Kí a da fọ́ọ̀mù ìpaná àtijọ́ nù, ká rọ tuntun sínú táǹkì, iṣẹ́ kò tíì parí. PFAS, ìdílé kẹ́míkà oní-fúlórínì tó wà nínú AFFF (fọ́ọ̀mù àtijọ́ tí wọ́n fi ń pa iná epo), èyí tó ń mú kó tẹ́ bo ojú epo bí awọ fẹ́lẹ́, kì í jẹrà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara táǹkì. Lára ìdílé kẹ́míkà yìí tó ti wọ ìwé Àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí kẹ́míkà tí kì í jẹrà, ni mẹ́ta wọ̀nyí: PFOS ní 2009, PFOA ní 2019, PFHxS ní 2022. Ní 2023, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé PFOA ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù yín. Bí lébẹ̀lì bá kọ AFFF, FP, FFFP tàbí AR-AFFF, fúlórínì wà níbẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà CAS (nọ́ńbà ìdánimọ̀ kẹ́míkà) nínú ìwé SDS, ìyẹn ìwé ààbò tó ń bá ọjà wá: 1763-23-1 ni PFOS, 335-67-1 ni PFOA, 355-46-4 ni PFHxS. Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹ má tíì yọ̀, torí ọ̀pọ̀ ìwé kàn ń kọ “fluorosurfactant” (kẹ́míkà oní-fúlórínì inú fọ́ọ̀mù) láìdárúkọ. Èyí tí wọ́n kọ “C6” sí lára náà, PFAS ni. Ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ló kúrú.

Ẹ yan èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó tú táǹkì. Fọ́ọ̀mù tí kò ní fúlórínì, tí wọ́n ń pè ní F3, sábà máa ń ki ju AFFF lọ, pàápàá nínú òtútù, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń pò ó mọ́ omi lè má fà á dé ìwọ̀n. Fọ́ọ̀mù 3% ń fẹ́ lítà 3 fún lítà 97 omi. Bí ẹ̀rọ bá fa lítà 2, ìfófòó náà á ṣàn, iná á sì padà rú. Ẹ má da oríṣi méjì pọ̀ láé: wọ́n lè dì, kí wọ́n sì dí fáàfù.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí kọnkéré tí kò sán, kí ẹ dí ojú gọ́tà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò, ẹ tú fọ́ọ̀mù sínú dúrọ́ọ̀mù ike polyethylene, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, iye lítà àti ọjọ́ sí i lára. Ẹ má fi ìyókù ṣe ìdánrawò. Bẹ́ẹ̀ ni PFAS ṣe wọ omi abẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Fífọ̀ gan-an ló le jù. Ká ní lítà 2 ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ táǹkì lítà 200. Ẹ rọ omi kún un, ẹ tú u dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ìdá kan nínú mílíọ̀nù ni. Orí ìwé nìyẹn o. Lára táǹkì, PFAS ń tò lé ara wọn ní ìpele-ìpele, wọn á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tuntun. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ọjọ́ tí ẹ fọ̀ ọ́ fi lè dára, kí ti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà burú. Nítorí náà, ẹ lo omi tó gbóná dé ibi tí táǹkì lè gbà, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù yí i gba gbogbo páìpù àti fáàfù, títí kan àwọn páìpù tí ìdí wọn dí, kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kéré jù. Ní ti hóòsì àti gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ pààrọ̀ wọn. Rọ́bà máa ń mu kẹ́míkà yìí.

Omi ìfọ̀ náà, májèlé ni. Ilé ìtọ́jú omi ìdọ̀tí kò lè tú PFAS ká, ẹ má jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ẹ gbà á jọ, kí ẹ fi èédú àkànṣe tàbí resin (ike wẹ́wẹ́ tó ń fa kẹ́míkà mọ́ra) sẹ́ ẹ. Èédú tí ẹ lò tán náà di ìdọ̀tí eléwu. Iná ìta gbangba kò lè pa á run, èéfín ló máa fi tàn kálẹ̀. Ẹ gbé e fún àwọn tó ní ìwé àṣẹ.

Ìgò ike HDPE ni kí ẹ fi bu omi àyẹ̀wò. Ìdérí tó ní Teflon á ba èsì jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ òjò tí wọ́n fi kẹ́míkà tọ́jú kí omi má wọ̀ ọ́. Ẹ béèrè àyẹ̀wò TOP pẹ̀lú, èyí tó ń fi àwọn PFAS tó fara pamọ́ hàn, nítorí àyẹ̀wò lásán ń wo kìkì àwọn tó lórúkọ nínú ìwé rẹ̀.

F3 kì í tẹ́ awọ sójú epo. Ìfófòó rẹ̀ nìkan ló ń bo iná. Ẹ má tẹnu hóòsì bọ inú epo. Ẹ fi lu ògiri tàbí ilẹ̀ iwájú iná, kó ṣàn wọlé. Ẹni tí AFFF ti mọ́ lára gbọ́dọ̀ tún un kọ́.

Ní ti aṣọ, PFAS lè wà lára aṣọ òde àti nínú ìpele tó ń dènà omi, tí wọ́n sábà fi PTFE ṣe, ìyẹn Teflon, tí òun náà jẹ́ PFAS. Ẹni tó bá ní òun ń ta “aláìní PFAS”, ẹ bi í nípa ìpele méjèèjì. Ẹ má yọ ìpele náà kúrò nítorí ìbẹ̀rù o, ooru omi gbígbóná á jó yín. Ìwọ̀n 40 °C ni kí omi ìfọṣọ má kọjá, ẹ má lo bílíìṣì oníkiloríìnì. NFPA 1851, ìlànà àjọ panápaná ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí ìtọ́jú aṣọ yìí, nínú ẹ̀dà 2020 rẹ̀, ní kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ó kéré tán, kí ẹ sì pa á tì bó bá pé ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìsùn tàbí ìjókòó ọkọ̀ yín. Aṣọ tó ti gbó, ẹ gé e kí ẹ tó gbé e jù, kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbé e wọ̀.