Mo padà gbá àwọn gémù tí a máa ń fò kọjá nínú kásẹ́ẹ̀tì

Nọ́ńbà 9999999 ni wọ́n kọ sára kásẹ́ẹ̀tì gémù tí bàbá wa rà fún wa ní ọdún 1996. Gémù tó wà nínú rẹ̀ gan-an kò ju 26 lọ. Àwọn kan náà ni wọ́n tún tò léraléra, wọ́n kàn jẹ́ kí òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti stéèjì kẹta tàbí ìkarùn-ún. Nínú 26 yẹn náà, márùn-ún péré la mọ̀: Mario, Battle City tí a ń pè ní Tank, Circus Charlie, Road Fighter àti Ice Climber. Tí ẹnì kan bá ṣèèṣì tẹ òmíràn, gbogbo ilé á pariwo lé e lórí pé kó yára yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí mo lọ kí Màámi ní Ìbàdàn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo bá ẹ̀rọ gémù wa nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Mo gbé e bọ̀ wá sí Èkó. Mo pinnu pé n ó mú márùn-ún nínú àwọn tí a kọ̀ sílẹ̀, n ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ mẹ́ta gbáko, n ó sì fún un ní máàkì nínú 10. Ohun kan ni mo fi lélẹ̀ fún ara mi: n kò ní tan gémù kankan láìjẹ́ pé mo ti wá òfin rẹ̀ kà. Ní Jàpáànì, níbi tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti gbé ẹ̀rọ gémù Famicom jáde ní ọdún 1983, ìwé ìlànà kékeré máa ń bá kásẹ́ẹ̀tì wá nínú páálí. Àdàkọ ẹ̀rọ yẹn ló dé ọ̀dọ̀ tiwa, ìwé kankan kò sì bá a wá. Ohun tí a bá fojú ara wa rí la fi ń gbá gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú. Ní kékeré, a máa ń fẹnu fẹ́ abẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ni, a sì gbà pé èémí wa ló ń wò ó sàn. Èémí kọ́. Fífà tí a fà á yọ tí a tún kì í bọ̀ ló ń jẹ́ kí irin abẹ́ rẹ̀ bá irin inú ẹ̀rọ pàdé dáadáa. Omi inú èémí tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí irin náà dípẹtà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bu spírítì, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu apá kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́, mo ki igi òwú tí a fi ń nu etí bọ̀ ọ́, mo sì ń fi nu àwọn irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òwú àkọ́kọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìkejì náà dúdú. Ìkarùn-ún ló tó jáde ní funfun. Mo dúró títí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ, mo kì í bọnú ẹ̀rọ, orin tí mo ti gbọ́ kẹ́yìn ní nǹkan bí ogún ọdún sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ohun méjì tí ẹ ní láti ṣe tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀: ẹ yí ojú tẹlifíṣọ̀n yín sí 4:3, ìwọ̀n ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn inú gémù á sanra kọjá ààlà, ẹ sì so ẹ̀rọ náà mọ́ ìnfátà. Àwọn gémù yìí kò ní ibi ìpamọ́ kankan. Tí iná bá lọ, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ padà sí yẹn.

Devil World ni mo fi ṣáájú, nítorí pé òun ni gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn mi jù. Ọdún 1984 ni Nintendo ṣe é, Shigeru Miyamoto, ẹni tó wá ṣe Super Mario Bros. tí gbogbo ayé mọ̀ lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó gbèrò rẹ̀. Dírágónì kékeré aláwọ̀ ewé kan tó ń jẹ́ Tamagon ni ẹ ó máa darí nínú ọ̀nà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Sátánì dúró lókè pátápátá, ó ń jó, ó ń na ọwọ́. Ibi tó bá nawọ́ sí ni gbogbo ọ̀nà náà á máa sún lọ, tí etí rẹ̀ bá sì há yín mọ́ ògiri, ó ti parí. (Sátánì ni mo pè é, n kò pè é ní Èṣù. Èṣù Láàlú kọ́ ni wọ́n yà síbẹ̀.)

Ní kékeré, a máa ń fi Tamagon rìn kọjá lórí àwọn èso kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà, kò ní jẹ ẹyọ kan. A ní gémù náà ti bàjẹ́. Òfin rẹ̀ rèé: àgbélébùú ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú. Bí àgbélébùú bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè jẹ èso, ẹ sì lè yọ iná lẹ́nu sí àwọn ọ̀tá. Ẹni tí iná bá bà nínú wọn á di ẹyin díndín, ẹ ó sì jẹ ìyẹn náà. Láìpẹ́, agbára rẹ̀ á tán, ẹ ó wá òmíràn. Ní stéèjì kejì, Bíbélì mẹ́rin ni ẹ ó gbé lọ́kọ̀ọ̀kan sí àwọn ihò tó wà láàárín, kí ẹ fi dé ibi tí àwọn ọ̀tá ti ń jáde.

Bí Màámi ṣe rí ohun tó ń jó lókè yẹn lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa ẹ̀rọ, wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ tan ìyẹn mọ́ nínú ilé àwọn. Ohun tí mo wá kà lẹ́yìn ogún ọdún ni pé Nintendo fúnra wọn kò tà á ní Amẹ́ríkà nígbà náà, nítorí òfin wọn níbẹ̀ lórí àmì ẹ̀sìn nínú gémù. Yúróòpù nìkan ló dé nígbà náà lẹ́yìn Jàpáànì, ní ọdún 1987. Mo pe Màámi lórí fóònù, mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé Bíbélì ló ń gbé lọ́wọ́ yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi nígbà yẹn?" Àwa náà kò mọ̀ ni. Máàkì 8. Ohun tó gba méjì yòókù lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé stéèjì mẹ́ta péré ló ń yípo, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun tuntun, eré kàn ń yára sí i ni.

N kò ní pẹ́ lórí Nuts & Milk. Hudson Soft ló ṣe é, ní ọdún 1984 kan náà, ó sì wà lára àwọn gémù àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí Nintendo gbé jáde fún Famicom, nítorí náà ìtàn kò lè gbàgbé rẹ̀. Ẹ ó kó gbogbo èso, ilẹ̀kùn ilé olólùfẹ́ yín á ṣí, ẹ ó wọlé. Stéèjì 50. Bí ẹni yín bá já bọ́ láti òkè, ojú á máa pòòyì í fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè rìn. Ó dùn lálẹ́ àkọ́kọ́, lálẹ́ kẹta mo ń sùn lórí àga. Máàkì 5.

City Connection ti Jaleco, ọdún 1985, la máa ń fi wé Road Fighter, ibẹ̀ la ti ṣì í gbọ́. A rò pé eré ìje ni. Ọkọ̀ náà kò sì ní ibi kankan tó ń sáré lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba orí gbogbo títì kọjá títí gbogbo rẹ̀ á fi di funfun, láì fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀. Ọlọ́pàá ń lé yín, ẹ ó sọ gálọ́ọ̀nù epo lù wọ́n kí ọkọ̀ wọn máa yí bírí, ẹ ó sì fi tiyín kàn wọ́n dànù. Ológbò máa ń jókòó sójú títì. Epo kò ràn án, àfi kí ẹ fò ó. Bí ẹ bá sì lọ lù ú, ẹ̀mí kan ti lọ nìyẹn, orin kan á sì dún tí ẹ kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀. New York ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, àwòrán ìlú tó wà lẹ́yìn á sì máa yí padà bí ẹ bá ṣe ń parí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn sí i, àmọ́ kíkun títì kékeré kan tó ṣẹ́kù lókè, tí fífò ọkọ̀ kò fẹ́ débẹ̀, ti gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Máàkì 6.

Mappy, ẹ jọ̀wọ́. Bí ẹ bá máa gbá ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, òun ni kí ẹ gbá. Namco ló ṣe é fún àwọn ẹ̀rọ gémù tí a ń sọ owó-ẹyọ sí ní ọdún 1983, ó dé Famicom lọ́dún kejì. Ọlọ́pàá ni eku inú rẹ̀, àwọn ológbò ni olè. Eku wọ ilé wọn lọ láti gba ẹrù tí wọ́n jí padà: rédíò, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà, àwòrán Mona Lisa, àti àpótí owó, méjì méjì. A kórìíra rẹ̀ ní kékeré nítorí pé eku náà kò lè fò. Bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ kí ó fò, ilẹ̀kùn ló ń ṣí. Ìdí nìyẹn tí ológbò fi ń mú wa kí a tó gbéra.

Ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni ohun ìjà. Ẹ jẹ́ kí ológbò sún mọ́ ọn, kí ẹ ṣí i lù ú, á ṣubú sẹ́yìn gbalaja. Láàárín àjà kan sí èkejì, aṣọ tí wọ́n ta kan wà tí ẹ ó bẹ́ lé, á gbé yín sókè. Nígbà tí ẹ bá wà lójú òfuurufú, ológbò kankan kò lè mú yín, ẹ lè gba ara yín kọjá bí ẹni tí kò mọra rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bẹ́ léraléra láìsọ̀kalẹ̀ sórí àjà, àwọ̀ aṣọ náà á máa yí, á di pupa, lẹ́yìn náà á já. Lálẹ́ kejì ni mo mọ̀ pé bí mo bá mú rédíò kan, kí n lọ mú rédíò kejì kí n tó fọwọ́ kan ohun mìíràn, nítorí ẹrù tó bá jẹ́ ìbejì ló ń pọ̀ ní owó. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo gbogbo ilé náà kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan. Máàkì 9, tayọ̀tayọ̀.

Binary Land, ti Hudson Soft ní ọdún 1985, ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bá mi gbá. Ẹyẹ pẹ́ńgúìnì méjì ló wà níbẹ̀, akọ àti abo, ògiri dá wọn níyà. Páàdì kan náà ló ń darí àwọn méjèèjì: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí òsì, ọ̀kan á lọ sí òsì, èkejì á lọ sí ọ̀tún. Ìgbà yẹn, a ní páàdì ló bàjẹ́. Bàbá wa tilẹ̀ ra òmíràn. Iṣẹ́ wọn ni kí àwọn méjèèjì dé ẹ̀gbẹ́ ọkàn tó wà lókè lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Alántakùn wà lọ́nà. Bí òwú rẹ̀ bá mú ọ̀kan, èkejì ló gbọ́dọ̀ wá tú u sílẹ̀. Bí ó bá mú méjèèjì, kò sí ẹni tó máa gbà wọ́n.

Mo ń gbìyànjú láti fi ojú tọ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ojú sì ń dùn mí. Ọmọ yìí wò mí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí ti ọ̀tún fara ti ògiri. Kò ní lè lọ mọ́, ti òsì nìkan lá máa rìn." Ó gba páàdì lọ́wọ́ mi, ó fi ìka àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, pẹ́ńgúìnì kan dúró lára ògiri bí ẹni ń dúró de ọkọ̀, èkejì rìn lọ títí ó fi bá a dọ́gba. Ó wá gbé wọn gòkè papọ̀. Ìgbà tí mo kọ 9 sínú ìwé mi, ó gba bírò, ó fa ìlà sí i, ó kọ 10. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹfà kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì wa, ṣùgbọ́n gémù márùn-ún yìí ló ṣí mi lọ́kàn débẹ̀. Gimmick! ni orúkọ rẹ̀, Sunsoft ló ṣe é ní oṣù Kìíní ọdún 1992, nígbà tí Super Famicom, ẹ̀rọ tó tẹ̀lé Famicom, ti jáde tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Lẹ́yìn Jàpáànì, àwọn orílẹ̀-èdè Skandinéfíà nìkan ló tún dé nígbà náà. Wọ́n tún gbé e jáde fún àwọn ẹ̀rọ òde òní ní ọdún 2023, ibẹ̀ ni mo ti rà á. Yumetaro ni ẹni inú rẹ̀. Ó ń ju ìràwọ̀ kan tó ń yí gbirigbiri bí ilẹ̀ bá ṣe dagun sí, tó ń ta padà lára ògiri, tí ẹ sì lè bẹ́ lé lórí kí ó gbé yín lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ ohùn àrà ọ̀tọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì náà, orin rẹ̀ sì kún ju ohun tí mo rò pé Famicom lè ṣe lọ.

Stéèjì mẹ́fà ni, ìṣúra kan sì pamọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìjẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ tán láàárín ló máa rí stéèjì keje. Alẹ́ mọ́kànlá ni mo ti lò. Lánàá, mo kó mẹ́rin kí n tó kú. Àyè máàkì rẹ̀ nínú ìwé mi ṣì ṣófo, n kò sì ní kọ nǹkan kan síbẹ̀ títí n ó fi dé ìkeje.